ỌWỌ́ LÁSÁN NI WỌ́N FI LÉ KÉRÉKOU KÚRÒ LÓRÍ ÀGA: ṢÉ ÀWỌN ARÁ KÚTỌNU JÈRÈ Ẹ̀ LÓÒÓTỌ́?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nínú mọ́tò, nílé ọtí àti níbi táwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń jẹun ọ̀sán. Àwọn kan á ní kò sí bí aráàlú ṣe lè fi ọwọ́ lásán lé ṣọ́jà kúrò lórí àga, pé ẹni tó bá fi ìbọn gbàjọba, ìbọn nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn mí-ìn á ní irọ́ ni, pé bí gbogbo ìlú bá ti kọ̀, kò síbi tí alágbára fẹ́ jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà. Kó ṣáà ti kọjá bodè Ṣẹmẹ̀, kó wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó kàn ń pè ní Kútọnu, àfi bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo péré ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ mọ ibẹ̀ dáadáa, àwọn tó ń ná ọjà Dantokpa náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ò rántí mọ́ ni pé lọ́dún 1990, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àtàwọn àlùfáà ìjọ para pọ̀ níbẹ̀, wọ́n gba agbára lọ́wọ́ ọ̀gá ṣọ́jà tó ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lórí àga. Wọn ò yìnbọn, wọn ò sì gbé àdá. Irú ìpàdé tí wọ́n fi gba agbára ọ̀hún, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ Áfíríkà.

Ó ti lé lọ́dún 35 báyìí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé wọ́n ṣẹ́gun lóòótọ́, àbí ńṣe ni ẹni tó ń jẹ wọ́n níyà kàn pààrọ̀ aṣọ?

AGẸMỌ TÓ GORÍ ÀGA

Kí èèyàn tó lè mọ bí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ti tóbi tó, ó ní láti mọ ẹni tí wọ́n bá jà. Ní October 26, 1972, Mathieu Kérékou, ọ̀gá ṣọ́jà, gbàjọba. Dahomey ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ nígbà yẹn, ojú wọn sì ti mọ́ ìdìtẹ̀gbàjọba. Wọ́n ṣe é ní 1963, wọ́n ṣe é ní 1965, wọ́n tún ṣe é ní 1967 àti 1969. Ọmọ aláìsàn ilẹ̀ Áfíríkà làwọn ará ìta ń pe ibẹ̀. Nígbà tí Kérékou dé, ọ̀pọ̀ rò pé yóò ṣe ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí òmíràn yóò sì lé òun náà lọ. Kò lọ o.

Ní 1974, ó kéde pé ìlànà Marx àti Lenin ni ìjọba òun yóò máa tẹ̀lé. Ní 1975, ó yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, ìyẹn PRPB tiẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù, ọgbà ẹ̀wọ̀n yá. Bí wọ́n bá dárúkọ Ségbana, ẹ̀wọ̀n tó wà lápá òkè lọ́hùn-ún, àgbàlagbà á gbé ẹnu ẹ̀ dákẹ́.

Lọ́dún 1975 yìí kan náà ni wọ́n yìnbọn pa Captain Michel Aïkpé, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí òun àti Kérékou jọ gbàjọba. Ohun tí ìjọba sọ síta ni pé wọ́n ká a mọ́ ìyàwó Ààrẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn ọ̀dọ́ ni Aïkpé, wọn ò sì gba ìtàn náà gbọ́. Wọ́n fẹ̀hónú hàn, ìjọba sì fi ọwọ́ líle tẹ̀ wọ́n rì.

Kérékou fẹ́ràn agẹmọ. Ó máa ń sọ pé ẹ̀ka igi ò ní dá mọ́ agẹmọ lọ́wọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹ̀sọ̀ lòun fi ń rìn, òun kì í sáré, òun ò sì ní jábọ́. Àwọn ọ̀tá ẹ̀ náà gba orúkọ ọ̀hún mú, wọ́n ní lóòótọ́ ni, ó ń pa àwọ̀ dà bí agẹmọ. Kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó ṣì ń bọ̀ wá wúlò.

BÁǸKÌ GBẸ, OWÓ OṢÙ Ò JÁDE

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba àwa-ara-wa ló kọ́kọ́ lé àwọn èèyàn jáde sígboro. Ebi ni.

Bodè Nàìjíríà tí ìjọba Buhari tì ní 1984, tí wọn ò sì ṣí títí di 1986, ti kọ́kọ́ ṣá òwò wọn lọ́gbẹ́. Nígbà tí 1988 fi máa parí, àwọn báǹkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó sún mọ́ ìjọba ti yá owó níbẹ̀, wọn ò dá a padà. Orúkọ tó wá gba ìgboro kan jù lọ ni ti Mohamed Cissé, ààfáà ọmọ Mali tó ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn, tí ilé ẹjọ́ padà dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ owó báǹkì ní 1992. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kó owó jọ sí báǹkì, bó bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní kò sówó. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìyálọ́jà tó fẹ́ ra ọjà, tàbí fún bàbá tó fẹ́ san owó iléèwé ọmọ, kò nílò àlàyé.

Ní January 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì torí owó ìrànwọ́ tí wọn ò rí gbà. Àwọn olùkọ́ tẹ̀lé wọn, torí ọ̀pọ̀ oṣù làwọn náà ti ṣiṣẹ́ láìrí owó oṣù. Ohun tó wá kó ìjọba láyà sókè ni pé àwọn olùkọ́ yunifásítì já ara wọn gbà kúrò lábẹ́ UNSTB, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìjọba fọwọ́ sí, wọ́n ní àwọn á máa dá dúró. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ yòókù rí i pé ayé ò tìtorí ìyẹn parẹ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn tiwọn. Ẹgbẹ́ àwọn kọ́múníìsì abẹ́lẹ̀, tí ìjọba ti fòfin dè, náà ń ti ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́yìn. Ẹ wo nǹkan: ìjọba tó ní Marx lòun ń tẹ̀lé, àwọn ọmọlẹ́yìn Marx gan-an ló ń fa àga nídìí ẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì náà kọ̀wé síta, wọ́n ní ìlú ò dáa mọ́.

Ibi tí agbára ìjà náà wà gan-an nìyí. Ṣọ́jà lè fi kòbókò lé èèyàn kúrò nígboro, ṣùgbọ́n kò lè fi kòbókò mú olùkọ́ wọ kíláàsì lọ kọ́ ọmọ. Iléèwé dákẹ́, ọ́fíìsì ìjọba dákẹ́. Nígbà tí Kérékou sì kọjú sí Faransé àti Báǹkì Àgbáyé pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́, wọ́n ní kó kọ́kọ́ tún ilé ẹ̀ ṣe ná.

Ní December 7, 1989, Kérékou kéde pé òun ti jáwọ́ nínú ìlànà Marx àti Lenin, òun yóò sì pe gbogbo ìlú jọ fún ìpàdé. Agẹmọ ti pa àwọ̀ dà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò tìtorí ẹ̀ wọlé sùn. Nínú oṣù December yẹn náà, èrò tún tú síta ní Kútọnu.

ỌJỌ́ MẸ́WÀÁ NÍ HÒTẸ́Ẹ̀LÌ

Ní February 19, 1990, aṣojú 488 kóra jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì PLM Aledjo ní Kútọnu. Olùkọ́ wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà, lọ́yà wà, oníṣòwò wà, ṣọ́jà náà wà. Àwọn ààrẹ àtijọ́ mẹ́ta, Hubert Maga, Justin Ahomadegbé àti Émile Derlin Zinsou, jókòó síbẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, ni wọ́n fi ṣe alága. Albert Tévoédjrè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ló ń kó ọ̀rọ̀ ìpàdé jọ. Rédíò sì ń gbé gbogbo ẹ̀ jáde bó ṣe ń lọ, débi pé ẹni tó wà nílé gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ìjọba lójú, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò tó sọ ní yàrá ẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tí Kérékou ní lọ́kàn ni pé wọ́n á wá sọ̀rọ̀ ajé, wọ́n á bá òun wá ọ̀nà tówó á fi wọlé, kálukú á sì gba ilé ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní February 25, wọ́n fẹnu kò pé ìpàdé àwọn gan-an ni aláṣẹ, pé ohun táwọn bá ti sọ, abẹ gé e, kò sẹ́ni tó lè yí i padà, títí kan Ààrẹ fúnra ẹ̀.

Ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo èèyàn ń retí ohun tí ṣọ́jà máa ṣe. De Souza lo ọgbọ́n àgbà, ó ń bá Kérékou sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn aṣojú sọ̀rọ̀ ní gbangba pé kí wọ́n má fi ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tó di February 28, Kérékou wọlé wá, ó ní òun gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó ṣì máa jẹ́ Ààrẹ lórúkọ títí ìbò yóò fi wáyé, ṣùgbọ́n wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nicéphore Soglo, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báǹkì Àgbáyé, ni wọ́n fi ṣe olórí ìjọba.

Ní December 2, 1990, aráàlú dìbò fún ìwé òfin tuntun. Nígbà tó di March 1991, Soglo àti Kérékou kojú ara wọn nínú ìbò ààrẹ. Soglo gba nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún, Kérékou gba nǹkan bí 32. Kérékou gbà pé òun ti fìdí rẹmi, ó sì gba ilé ẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má síbi tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Áfíríkà.

ORIN KAN NÁÀ, IJÓ Ọ̀TỌ̀ NÍ TÓGÒ

Ìròyìn kì í pẹ́ kọjá bodè. Lọ́dún 1990 yẹn náà, Alao Aka-Bashorun, tó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà rí, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sí National Theatre, Ìgánmú. Ìjọba Babangida kó agbófinró síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Àtìgbà yẹn ni Sovereign National Conference ti di orin lẹ́nu àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993, tí Abacha sì wá ń lé àwọn èèyàn kiri, Kútọnu lọ̀pọ̀ nínú wọn gbà sá àsálà. Ìlú tí èèyàn ò ti lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ sí ti wá di ibi tí ẹlòmíràn ń sá wá kó lè mí.

Àwọn ará Tógò náà ní àwọn á ṣe bíi tiwọn. Ìpàdé wọn bẹ̀rẹ̀ ní July 1991. Wọ́n gba agbára lọ́wọ́ Eyadéma, wọ́n fi Joseph Kokou Koffigoh ṣe olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tó di December ọdún náà, àwọn ṣọ́jà ya bo ọ́fíìsì Koffigoh, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì mú òun fúnra ẹ̀. Eyadéma, tó ti wà níbẹ̀ láti 1967, kò kúrò lórí àga títí tó fi kú ní 2005. Ọmọ ẹ̀, Faure, ló sì wá gorí ẹ̀.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Àkọ́kọ́ ni owó. Àpò Kérékou ti gbẹ, kò ní ohun tí yóò fi tọ́jú ṣọ́jà kí wọ́n lè kú torí ẹ̀. Ẹ̀kejì ni àwọn ṣọ́jà fúnra wọn. Ẹnu wọn ò kò ní Bẹ̀nẹ̀, torí ní 1988 lásán, wọ́n ti mú àwọn kan nínú wọn pé wọ́n fẹ́ gbàjọba. Ní Tógò, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ló jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kabiyè bíi ti Eyadéma, wọ́n sì mọ̀ pé bó bá fi lè lọ, àwọn náà ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún Kérékou. Wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní Tógò, ńṣe ni wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ Eyadéma sí i létí lójú gbogbo ayé, wọ́n sì tún fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀ ní November 1991. Ajá tí wọ́n bá lé kan ògiri, yíyí ló máa yíjú padà.

ÀWỌN TÓ NÍ ÌṢẸ́GUN KỌ́

Ibi tí ẹjọ́ ti wá ta kókó nìyí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá yìn wọ́n kú iṣẹ́, imú ni wọ́n á yín. Wọ́n ní irú ìṣẹ́gun wo ni kí wọ́n máa jẹ̀bi níyà nílé ẹjọ́ Ọlọ́run nìkan? Àwọn tí wọ́n lù ní Ségbana ńkọ́? Àwọn tí owó wọn run sí báǹkì ńkọ́? Bí wọ́n bá dá ààfáà lẹ́bi, ẹni tó gba ààfáà sílé ńkọ́? Èsì táwọn tó jókòó nípàdé yẹn máa ń fọ̀ ni pé ìdáríjì yẹn ni owó tí wọ́n fi ra àlàáfíà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lù kọ́ ló ná owó náà, àwọn ẹlòmíràn ló bá a ná an. Ohun tí wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dáa nìyẹn.

Ẹ̀sùn kejì ni ti ebi. Soglo tún báǹkì ṣe, owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àmọ́ ní January 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì. Ẹni tó bá rántí ohun tójú rí nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já láyé SAP á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Oògùn wọ́n, aṣọ wọ́n, gbogbo ohun tó ń tòkè òkun bọ̀ wọ́n. Àwọn èèyàn tún wá ń sọ pé mọ̀lẹ́bí ti gba ìjọba Soglo kan, torí Rosine ìyàwó ẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń tì í lẹ́yìn sílẹ̀, ìbátan ìyàwó ẹ̀ sì jẹ́ mínísítà pàtàkì.

Ló bá di March 1996, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Kérékou, tó ti lo ọdún márùn-ún nílé láìsọ̀rọ̀, tó ti di Kristẹni àtúnbí, padà dé. Ó gba ìbò tó lé ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lé Soglo lọ. Ṣọ́jà tí wọ́n fi ọwọ́ lásán lé lọ, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n tún fi gbé e padà. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ l'Ékòó rẹ́rìn-ín débi tó lápẹẹrẹ.

ÌBÚRA TÍ WỌ́N NÍ KÓ TÚN ṢE

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí ẹlẹ́rìn-ín wò dáadáa. Lọ́jọ́ tí Kérékou fẹ́ gorí àga ní April 1996, wọ́n ní kó búra bó ṣe wà nínú ìwé òfin, ìyẹn níwájú Ọlọ́run, níwájú àwọn baba ńlá tó ti lọ, àti níwájú aráàlú. Àtúnbí ti wọ̀ ọ́ lára, ló bá fo àwọn baba ńlá dá. Kíá, Kóòtù tó ń bójú tó ìwé òfin ilẹ̀ náà ní ìbúra náà ò dúró, kó padà wá tún un ṣe, kó sì pe gbogbo ẹ̀ pé.

Kérékou padà wá. Ó dárúkọ àwọn baba ńlá.

Ẹ rò ó wò ná. Ọkùnrin tó ń ju èèyàn sí Ségbana láìsí ìwé ẹjọ́ ni àwọn adájọ́ díẹ̀ ní kó wá tún ọ̀rọ̀ sọ bí ọmọ iléèwé, ó sì ṣe é. Kì í ṣe pé agẹmọ ti di ẹlòmíràn. Igi tó ń gùn ni wọ́n ti pààrọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Soglo tó fìdí rẹmi náà ráhùn pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ṣùgbọ́n ó lọ. Nígbà tó yá, ó ṣe olórí ìlú Kútọnu láti 2003 sí 2015, láìsí ẹni tó lé e kiri.

Ìdánwò tó le jù tún dé ní 2005. Sáà Kérékou fẹ́ parí, ó ti dàgbà ju iye ọdún tí òfin fọwọ́ sí lọ, làwọn kan bá ń sọ pé kí wọ́n tún òfin ṣe kó lè dúró sí i. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú dìde, wọ́n ní má fọwọ́ kan òfin ilẹ̀ mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Reckya Madougou wà lára àwọn tó ṣáájú ìjà náà. Kérékou ò dúró. Ní 2006, Thomas Boni Yayi, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára ẹ̀, gba ìjọba nípasẹ̀ ìbò. Nígbà tí òun náà ṣe sáà méjì tán ní 2016, ó lọ. Nígbà tí Kérékou kú ní October 2015, kì í ṣe àtìmọ́lé ló kú sí, kì í sì í ṣe ìgbèkùn.

Ìgbà mẹ́rin nìyẹn tí ìjọba ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nípasẹ̀ ìbò: 1991, 1996, 2006 àti 2016. Ìlú tó jẹ́ pé ìbọn ló máa ń pín ìjọba níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí o.

ÌBỌN LỌ, ÒFIN DÉ

Àṣé ọ̀tá tí èèyàn ò múra sílẹ̀ dè ló máa ń wọlé. Patrice Talon tó wọlé ní 2016 kì í ṣe ṣọ́jà. Olówó ni, òwò òwú ló fi gbajúmọ̀. Òun ló náwó fún Boni Yayi tó fi dépò. Nígbà tí ìjà dé láàárín wọn, wọ́n fẹ̀sùn kan Talon ní 2012 pé ó fẹ́ fi májèlé pa Ààrẹ. Ó sá lọ sí Faransé, Boni Yayi padà dárí jì í ní 2014, kò sì ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tó fi gba àga lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní sáà kan ṣoṣo lòun máa ṣe. Ó padà ṣe méjì.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ní ó tún títì ṣe, ó fọ ìlú mọ́, iṣẹ́ ìjọba sì wá ń rìn bó ṣe yẹ. Wọ́n tún ní òun náà ò wá sáà kẹta, pé ní 2025, Romuald Wadagni, mínísítà ètò ìsúná, làwọn alátìlẹ́yìn ẹ̀ fà kalẹ̀. Ìyẹn náà ò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ìbọn tó dún níbẹ̀rẹ̀.

Ní 2018, wọ́n dá kóòtù àkànṣe kan tó ń jẹ́ CRIET sílẹ̀. Wọ́n tún òfin ìbò ṣe, débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá fẹ́ du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́dọ̀ fi 249 mílíọ̀nù owó sẹ́fà lélẹ̀. Nígbà tí ìbò náà dé ní April 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ló yege láti kópa, ti Ààrẹ sì ni méjèèjì. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, bí 27 péré ló jáde dìbò. Nígbà táwọn èèyàn fẹ̀hónú hàn ní Kútọnu ní May, wọ́n yìnbọn, ẹ̀mí sì lọ.

Kó tó di ìbò ààrẹ 2021, òfin tuntun ti sọ pé olùdíje gbọ́dọ̀ rí àwọn aṣòfin tàbí olórí ìlú mẹ́rìndínlógún tó máa fọwọ́ sí i. Níbo ni alátakò fẹ́ ti rí wọn, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ ò ní alátakò kankan? Ní Ṣábẹ, ìlú Yorùbá tó wà níbẹ̀, àwọn èèyàn dí títì, ṣọ́jà wá yìnbọn láti ṣí i, èèyàn sì kú. Reckya Madougou, tí orúkọ ẹ̀ kò jáde láàárín àwọn olùdíje, ni wọ́n mú ní March 2021. Nígbà tó di December, CRIET ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ogún ọdún, wọ́n ní ó lọ́wọ́ sí ètò ìpániláyà, ẹ̀sùn tó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Obìnrin kan náà tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òfin nìyẹn.

Ní January 2023, àwọn alátakò padà sílé ìgbìmọ̀, Les Démocrates gba àga 28 nínú 109. Ṣùgbọ́n ní 2025, olùdíje wọn fún ipò ààrẹ tún jábọ́ torí ọ̀rọ̀ àwọn tó máa fọwọ́ sí i. Ní December 7, 2025, àwọn ṣọ́jà kan tún jáde lórí tẹlifíṣàn pé àwọn ti gbàjọba. Wọ́n borí wọn, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà sì wà nínú ohun tí wọ́n fi borí wọn. December 7 kan náà ni o, ọjọ́ tí Kérékou jáwọ́ nínú Marx ní 1989.

ÌDÁJỌ́ WO LÓ WÁ KÙ?

Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n bèèrè ní 1989 lèèyàn fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n ṣẹ́gun. Wọ́n ní kí owó oṣù jáde, ó jáde. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo lọ, ó lọ. Wọ́n ní kí Kérékou sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Bó tiẹ̀ padà, ẹnu ọ̀nà ìbò ló gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì gbà jáde. Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní òfo, kó wo Tógò. Kó tún wo Nàìjíríà, níbi tí ìpàdé ò ti bẹ̀rẹ̀ rárá ní 1990, tí ìlú sì ní láti dúró di 1999 kí ṣọ́jà tó lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, odi tó ń dènà ṣọ́jà ni. Wọn ò ronú kan ẹni tó máa wọlé tòun ti ìwé ẹ̀rí, tó máa fi òfin tú òfin, tó máa fi owó dáná sun ẹnu ọ̀nà táwọn tálákà ń gbà wọlé. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ronú kàn án tán. Àwọn tó jáde ní 1989 mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, torí ó wà lára wọn. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1990 ò mọ Ségbana, kò mọ bí báǹkì ṣe ń lé èèyàn padà. Ìbò lójú tiẹ̀, ohun tó bá nílẹ̀ ni, bí omi ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí omi bá dá ló máa tó mọ̀ pé ẹnìkan ló gbẹ́ kànga.

Èyí lẹ̀kọ́ tó kan ẹni tó ń jiyàn nínú mọ́tò l'Ékòó náà. Ọwọ́ lásán lè lé alágbára kúrò lórí àga, ó ti ṣẹlẹ̀, ìtàn wà nílẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kó lé e lọ títí láé, kí oníkálukú wá lọ sùn. Agẹmọ bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ.